Ègún Ló Ni Ẹjọ́, Ọ̀bẹ Kàn Ń Jíṣẹ́ Ni

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ìwẹ̀ kan, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí mo ní láti sọ lónìí fara pamọ́ sí. Nínú Candyman, fíìmù tí Bernard Rose darí lọ́dún 1992, obìnrin méjì dúró níwájú dígí. Olùwádìí ni wọ́n ní yunifásítì, ìtàn àgbọ́sọ tí àwọn ará ìlú ńlá ń sọ fún ara wọn ni wọ́n sì ń ṣàkójọ. Ìtàn tí wọ́n gbọ́ ni pé bí ènìyàn bá pe orúkọ ọkùnrin kan ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún níwájú dígí, ọkùnrin náà yóò yọ sí i láti ẹ̀yìn, yóò sì fi ìkọ́ irin tí ó wà níbi tí ó yẹ kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà gbẹ̀mí rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń pè é. Nígbà tí ó kan ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọ̀kan pa ẹnu mọ́. Èkejì, tí ó ń jẹ́ Helen, nìkan ni ó pè é parí. Iná kò kú, dígí kò fọ́, ẹnikẹ́ni kò sì yọ láti ibì kankan. Síbẹ̀, láti ìṣẹ́jú náà lọ, àwa tí a jókòó tí à ń wò wọ́n kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́, nítorí a mọ̀ pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ tẹ̀ka sí ìwé kan tí kò kà.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan kò sí nínú ìran yẹn. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù níbẹ̀ ni òfin: iye ìgbà tí a ó pe orúkọ, ibi tí a ó dúró sí, ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé, bí ọ̀rọ̀ ègún bá ti wọ inú fíìmù tí apànìyàn ti ń fi ohun mímú lé ènìyàn kiri, apànìyàn náà kò jẹ́ ọ̀gá mọ́. Ìránṣẹ́ ni ó dà. Ègún ló ni ẹjọ́, òun ló dá a, òun ló mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀bẹ kàn ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán an ni.

Irú fíìmù tí mo ń sọ yìí ni àwọn olólùfẹ́ fíìmù kárí ayé ń pè ní slasher. Apànìyàn kan, tí ó sábà máa ń bo ojú, yóò máa pa àwọn ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ku ẹnì kan ṣoṣo, tí ó sì sábà máa ń jẹ́ ọmọbìnrin. Alfred Hitchcock ti fi ọ̀bẹ náà hàn wá nínú Psycho lọ́dún 1960, Black Christmas tí wọ́n ṣe ní Kánádà sì ti gbé e wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin lọ́dún 1974, ṣùgbọ́n Halloween tí John Carpenter ṣe lọ́dún 1978 ni ó sọ ọ́ di ọjà tí gbogbo ayé ń ná. Nǹkan bí 20 ọjọ́ ni wọ́n fi ya á, owó tí wọ́n sì ná lé e lórí kò ju nǹkan bí 325,000 dọ́là lọ. Ìbòjú apànìyàn náà jẹ́ ìbòjú olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe ní àwòrán ojú William Shatner, òṣèré Star Trek, tí wọ́n wá kùn ní funfun, tí wọ́n sì fẹ ihò ojú rẹ̀ síwájú sí i.

Ojú funfun tí kò sọ nǹkan kan yẹn ni agbára fíìmù náà. Michael Myers gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pa lọ́dún 1963 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 6, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ọmọbìnrin náà fi ṣe é, títí kan dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀. Ọ̀bẹ lè sọ fún wa pé ta ni ó kú, ibo ni ó kú sí, báwo ni ó ṣe kú. Bí a bá bi í pé kí ló dé, kò ní èsì. Carpenter mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ìbéèrè náà sílẹ̀ lójú wa. Àwọn tí wọ́n ń sáré tẹ̀ lé e kò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́, nítorí bí òkú bá ti pọ̀ tí ìdí kò sì sí, kíka ni àwọn òǹwòran yóò máa ka òkú, wọn kò ní ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ègún ti rí àyè wọlé nìyẹn.

Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. A ní èpè, a sì ní ègún, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì lẹ́nu. Nínú ọ̀rọ̀ mi yìí, èpè ni èyí tí a mọ ẹnu tí ó ti jáde: ẹnì kan ṣẹ́ ẹ, ẹni tí ó ń jà sì lè gbéra lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó tú u. Ègún ni èyí tí ó kù lẹ́yìn tí ẹnu náà ti jẹrà. Ó ti wọ ara ilé, tàbí ilẹ̀, tàbí ohun èlò kan, tàbí ó ti wọ inú ìran, kò sì sí ẹni tí a lè dọ̀bálẹ̀ fún mọ́. Gbogbo fíìmù irú èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ó dúró lórí ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tí ó lè gba ẹ̀bẹ̀ ti kú, nínú ọ̀pọ̀ wọn sì rèé, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ gan-an ni wọ́n pa á.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn tó inú A Nightmare on Elm Street, tí Wes Craven kọ tí ó sì darí lọ́dún 1984. Ìròyìn tí Craven kà nínú Los Angeles Times ni ó fún un ní èrò náà: àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, tí wọ́n sá ogun wá sí Amẹ́ríkà, ń kú lójú oorun lẹ́yìn àlá burúkú. Nínú fíìmù náà, Freddy Krueger ń wọ inú àlá àwọn ọ̀dọ́ òpópónà kan, ó sì ń fi ìbọ̀wọ́ aláwọ tí ó ní abẹ lórí ìka pa wọ́n níbẹ̀. Ohun tí ó bá ṣe ara wọn nínú àlá ni ó ń ṣe ara wọn lórí ibùsùn. Ẹ wo bí òfin náà ti rọrùn tó, kí ẹ sì wo bí ó ti le tó: ẹni tí ó bá sùn yóò kú, kò sì sí ẹ̀dá alààyè tí kì í sùn. A lè sá kúrò ní ilé tí ó ní iwin, a lè ju ohun èlò ègún sínú odò, ṣùgbọ́n oorun ń tẹ̀ lé wa lọ síbi gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìran kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Nancy, ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù, ti ń fi kọfí lé oorun lọ fún ọjọ́ púpọ̀. Ìyá rẹ̀, tí ọtí ti di oúnjẹ fún, ti gbé irin sí gbogbo fèrèsé ilé kí ibi má baà wọlé. Ní alẹ́, ó mú ọmọ náà lọ sí yàrá abẹ́ ilé, ó sì sọ òtítọ́ fún un níbẹ̀. Krueger jẹ́ apànìyàn tí ó pa ọmọdé púpọ̀ ní àdúgbò náà. Ọwọ́ òfin tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan kò buwọ́ lu ìwé àṣẹ ìyẹ̀wò síbi tí ó yẹ. Ni àwọn òbí bá kó ara wọn jọ, wọ́n wá a rí, wọ́n sì dáná sun ún. Bí ìyá náà ti ń rojọ́, ó na ọwọ́ sínú ẹ̀rọ ìgbóná àtijọ́, ó fa ẹrù kékeré kan tí ó fi aṣọ wé jáde, ó sì tú u. Ìbọ̀wọ́ náà ni, pẹ̀lú abẹ rẹ̀ pé pérépéré. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kò lè wá mọ́.

Mo ti wo ìran yìí lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì tíì sú mi. Obìnrin yìí fi irin dí fèrèsé láti dènà ohun tí ó ti wà nínú ilé tipẹ́, ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbé wọlé, tí ó wé láṣọ, tí ó sì ń sùn lé lórí láti ọdún wọ̀nyí wá. Aṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Àṣepamọ́ náà ni a rí lójú kòrókòró níbẹ̀. Àwọn ọmọ kò mọ nǹkan kan nípa iná tí àwọn òbí wọn dá, ṣùgbọ́n àwọn ni iná náà ń jó. Krueger fúnra rẹ̀ kò yẹ ní ẹni àánú, Craven kò sì ṣe é ní ẹni àánú rárá. Ohun tí ó mú kí ègún náà fìdí múlẹ̀ ni pé àwọn òbí pa á tán, wọ́n sì pa ẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ní torí wọn ni àwọn fi ṣe é. Àṣírí náà ni ó di ìlẹ̀kùn tí Krueger ń gbà wọlé.

Candyman gbé ẹjọ́ tí ó le ju èyí lọ síwájú wa. Ọmọ ẹrú ni ọkùnrin inú dígí yẹn, oníṣẹ́ ọnà tí àwọn ọlọ́rọ̀ máa ń gbé iṣẹ́ fún láti ya àwòrán wọn. Ó ya ọmọbìnrin onílẹ̀ ńlá kan, ìfẹ́ wọ àárín àwọn méjèèjì, ọmọbìnrin náà sì lóyún. Bàbá ọmọ náà háyà àwọn jàǹdùkú. Wọ́n fi ayùn gé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fi oyin kùn ún lára kí àwọn oyin lè ta á pa, wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n sì da eérú rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n wá kọ́ ilé gíga Cabrini-Green lé lórí ní Chicago. Nítorí náà ìkọ́ tí ó fi ń pa ènìyàn wà ní ojú ọgbẹ́ náà gan-an, oyin sì wà láàyè nínú àyà rẹ̀. Oyin tòótọ́ ni Tony Todd, tí ó ṣe ipa náà, gbà kí wọ́n kó sí òun lẹ́nu. Fún mi, àmì pàtàkì tí a fi ń dá ojúlówó mọ̀ nìyí: nínú ojúlówó fíìmù ègún, ohun ìjà náà jẹ́ ẹ̀rí. Bí a bá lè gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ apànìyàn kí a fi àáké rọ́pò rẹ̀, tí ìtàn kò sì yí padà, a jẹ́ pé ègún náà kò tíì wọ ara fíìmù náà, wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni.

Ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ gbèsè yìí? Onílẹ̀ ńlá àti àwọn jàǹdùkú rẹ̀ ti kú tipẹ́. Àwọn tí ìkọ́ náà ń pa ni àwọn aláìní tí wọ́n ń gbé inú ilé gíga yẹn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ẹrú bíi tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, ó sì ń dùn mí títí di òní, mo sì gbà pé Rose fẹ́ kí ó dùn wá. Ìran kékeré kan fi ìdí rẹ̀ hàn. Helen ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí dígí wà lára rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ rẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ já sí ilé kejì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ilé àwọn aláìní náà. Ilé olówó gọbọi tí ó ń gbé àti ilé tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù láti wọ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Wọ́n kàn tún tirẹ̀ kùn, wọ́n sì gbé owó lé e ni. Ilẹ̀ ni ó jẹ gbèsè náà, ẹni tí kò bá sì lówó láti kó kúrò lórí ilẹ̀ ni yóò máa san án. Lọ́dún 2011 ni wọ́n wó èyí tí ó kẹ́yìn nínú àwọn ilé gíga Cabrini-Green, nígbà tí Nia DaCosta sì padà sí ìtàn náà nínú fíìmù rẹ̀ ti ọdún 2021, orí ilẹ̀ tí wọ́n ti wó ilé kúrò náà ni ó padà sí.

Òfin kejì tún wà nínú Candyman tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń kọ irú ìtàn yìí kíyè sí. Ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn ni oúnjẹ apànìyàn náà. Nígbà tí Helen mú kí ọlọ́pàá gbé ọ̀daràn kan tí ó ń fi ìkọ́ àti orúkọ náà dẹ́rù ba ará àdúgbò, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í tán lójú àwọn ènìyàn, wọ́n ní àṣé ènìyàn lásán ni. Èyí gan-an ni ó fi ọkùnrin inú dígí sí ipò tí ó fi gbọ́dọ̀ fara hàn kí ó sì tún ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, kí ìtàn rẹ̀ má baà kú. Ẹni tí ó wá sọ pé irọ́ ni ni ó ta á jí.

Ní Japan, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Ju-On, tí Takashi Shimizu ṣe fún fídíò lọ́dún 2000 kí ó tó gbé e lọ sí sinimá lọ́dún 2002, ọkọ kan pa ìyàwó rẹ̀ nínú ilé, ìkùnsínú òkú náà sì wọ ara ògiri. Ẹni tí ó bá ti wọ ilé náà ti wọ gàù, ìbáà jẹ́ pé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ó bá wá. Mo bọ̀wọ̀ fún fíìmù náà, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí, ṣùgbọ́n mo rò pé gbèsè ti parí níbẹ̀, ohun tí ó kù ti di àjàkálẹ̀ àrùn, kò sì bi ẹni tí ó kó o léèrè ohunkóhun.

Ringu tí Hideo Nakata darí lọ́dún 1998 kò ní ọ̀bẹ kankan, síbẹ̀ n kò lè fò ó, nítorí kò sí fíìmù tí ó fi òfin ègún lélẹ̀ yékéyéké tó o. Ẹni tí ó bá wo fídíò kan yóò kú ní ọjọ́ keje. Reiko, oníròyìn tí ó wò ó, ṣe ohun tí gbogbo wa yóò ṣe: ó wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, ó rí egungun ọmọbìnrin tí wọ́n sọ sínú kànga, ó sì gbé e jáde pẹ̀lú àánú. Ọjọ́ keje tirẹ̀ kọjá, kò kú, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ tí ó ti kọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n jọ gbé egungun náà, kú. Ìgbà náà ni ó tó yé e pé kì í ṣe àánú ni ó gbà á là. Ó ti ṣe ẹ̀dà fídíò náà, ó sì ti fi han ẹlòmíràn. Ọkọ tí ó ti kọ̀ sílẹ̀ náà sì ni ẹni tí ó fi hàn. Ọmọ rẹ̀ kékeré ti wo fídíò náà pẹ̀lú. Bí fíìmù ti ń parí lọ, Reiko wà nínú ọkọ̀, ó ń pe bàbá tí ó bí òun fúnra rẹ̀ lórí fóònù pé òun ní ohun kan tí òun fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún. Ẹ fojú inú wo bàbá àgbàlagbà tí ó gbé fóònù yẹn. Ègún náà ti fi ohun tí ó kù nínú ìwà rere obìnrin yìí ṣe ọkọ̀ gùn, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó fi ọwọ́ kàn án.

Ó yẹ kí n sọ nípa ibi tí ègún ti ba nǹkan jẹ́. Àwọn tí ó jogún Halloween kò lè fara da ojú funfun tí kò ní ìdí mọ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1995, nínú apá kẹfà, wọ́n sọ fún wa pé ègún ìgbà láéláé kan tí wọ́n ń pè ní Thorn ni ó wà lára Michael Myers, pé ẹgbẹ́ awo kan sì wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí apá keje fi máa jáde lọ́dún 1998, wọ́n ti gbá gbogbo rẹ̀ dànù bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Kò yà mí lẹ́nu. Ègún tí a gbìn sínú ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni gbòǹgbò ìtàn náà. Èyí tí a gbé dé lẹ́yìn ọdún 17 láti fi dáhùn ìbéèrè tí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é ti kọ̀ láti dáhùn kò lè bí nǹkan kan. Ó tún mú ohun kan lọ lọ́wọ́ wa: apànìyàn tí ó ń bà wá lẹ́rù nítorí pé a kò mọ̀ ọ́n di òṣìṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá tí a kò bẹ̀rù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn kan gbìyànjú láti mú apànìyàn náà kúrò pátápátá. Nínú Final Destination ti ọdún 2000, ikú fúnra rẹ̀ ni ó ń to àwọn tí ó bọ́ nínú ìjàǹbá bàálù lẹ́sẹẹsẹ tí ó sì ń mú wọn padà. Nínú It Follows, tí David Robert Mitchell ṣe lọ́dún 2014, ohun kan ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni ègún, kì í sáré, kì í sì dúró, ó sì lè gbé àwọ̀ ẹnikẹ́ni wọ̀. Kámẹ́rà á lọ sẹ́yìn, àwòrán á gbòòrò, àwa òǹwòran á sì máa yẹ gbogbo ẹni tí ó ń rìn lọ́ọ̀ọ́kán wò bóyá òun ni ó ń bọ̀. Ó ti fi àwa náà ṣe ọlọ́dẹ. N kò mọ fíìmù tí ó fi owó díẹ̀ ra ìfòyà tó bẹ́ẹ̀.

Carol Clover, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ni ó fún ọmọbìnrin tí ó ń kù gbẹ̀yìn nínú slasher ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pè é báyìí, ìyẹn Final Girl, nínú àròkọ kan tí ó gbé jáde lọ́dún 1987. Nínú slasher lásán, ọmọbìnrin náà ń là nítorí pé ojú rẹ̀ mú, ó sì tètè rí ewu. Nínú èyí tí ó ní ègún, ìyẹn nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ di olùwádìí. Helen ń gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀, Reiko ń yẹ àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ wò, Nancy ń fi ìbéèrè há ìyá rẹ̀ mọ́ ògiri títí ìyẹn fi tú aṣọ náà. Bí ó ti ń lé apànìyàn lọ náà ni ó ń lé òtítọ́ tí àwọn àgbà bò mọ́lẹ̀ bọ̀.

Èyí ni ó mú kí n máa gbèjà ìparí A Nightmare on Elm Street, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ràn. Nancy kẹ́yìn sí Krueger, ó ní òun gba gbogbo agbára tí òun ti fún un padà, Krueger sì pòórá. Ibẹ̀ ni Craven fẹ́ kí ó parí sí. Robert Shaye tí ó ṣe agbátẹrù fíìmù náà ni ó fẹ́ ìdẹ kan síwájú sí i. Wọ́n sọ pé ti ọjà ni Shaye ń rò, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Ilẹ̀ mọ́, kùrukùru bo òpópónà, àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ti kú wá fi ọkọ̀ gbé Nancy. Òrùlé ọkọ̀ náà bò wọ́n mọ́lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ pupa àti ewéko, bíi ti ẹ̀wù Krueger. Fèrèsé tì pa, ọkọ̀ sì ń gbé àwọn ọmọ náà lọ bí wọ́n ti ń kígbe. Àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n wọ aṣọ funfun ń fo okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń kọ orin. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọ sí ilẹ̀kùn ilé tí ó fi irin dí. Ìbọ̀wọ́ tí ó ti wé láṣọ láti ọdún wọ̀nyí wá yọ láti ojú fèrèsé kékeré tí ó wà lára ilẹ̀kùn náà, ó gbá a mú, ó sì fà á wọlé.